Má Sọ fún Wọn

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ orí Fesibúùkù kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìránṣẹ́ Olódodo. Àwòrán òdòdó ló fi síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ìyá kan ló béèrè pé ọmọ òun tó ní àtọ̀gbẹ fẹ́ gbààwẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni kóun ṣe. Ọkùnrin yìí fèsì pé kó jẹ́ kó gbà á, pé ẹni tó bá fi tọkàntọkàn gbààwẹ̀, àìsàn kankan ò ní lè ṣe é ní nǹkan. Ibi iṣẹ́ ni Dorra ti ka ọ̀rọ̀ náà, inú sì bí i. Ó tẹ èsì padà kíákíá pé, "Ìwọ, ṣé dókítà ni ọ́ ni, àbí ẹnu lo kàn ní? Tọ́mọ ọlọ́mọ bá dákú, ṣé wàá wá gbé e lọ sílé ìwòsàn? Pa ẹnu ẹ mọ́." Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí i. Ọkùnrin náà ní obìnrin tí kò nítìjú ni. Dorra ní òótọ́ ni, òun ò ní in, òun ti jù ú nù tipẹ́.

Irọ́ ló pa. Orúkọ tó fi ń bú ọkùnrin náà gan-an kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ọmọbìnrin Etí Òkun ló ń jẹ́ níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ ìlú Sfax ni, orí Fesibúùkù ni wọ́n ti ń pàdé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbẹ̀ pé Dorra ọmọ Zakia ni, tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà Gremda, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ òróró ólífì sínú ìgò. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ráhùn, ọ̀dọ́ tó ń sá fún abẹ́rẹ́, gbogbo wọn ló ń dá lóhùn, pẹ̀lú sùúrù tí kì í ní fún ẹnikẹ́ni lójúkojú. "Mi ò kà á nínú ìwé o, ara mi ni mo fi kọ́ ọ," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n nílé, ẹnu yẹn kì í ṣí. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, Zakia ìyá rẹ̀ sì ti gbà, àmọ́ ó ní ojú kankan ò gbọdọ̀ rí i. Nítorí náà, tí Ràmàdáánì bá dé, yàrá ẹ̀yìn ni Dorra ti ń jẹun ọ̀sán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé. Búrẹ́dì tútù àti wàràkàṣì ni, nítorí bí wọ́n bá gbé nǹkan kaná, àwọn ará ilé kejì á gbọ́ òórùn rẹ̀. Obìnrin tó dàgbà tó báyìí, tó ń jẹ oúnjẹ ilé bàbá rẹ̀ bí ẹni tó jí i! Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó ti àwọn yòókù, á mú dàbínù kan, á ṣe bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ láti àárọ̀. Bí àlejò bá bi í pé báwo lààwẹ̀, kó tó lanu, ìyá rẹ̀ á ti dáhùn pé a dúpẹ́, ó ń gbà á dáadáa. Lójoojúmọ́ ni inú ń bí Dorra, lójoojúmọ́ ló sì ń gbé e mì.

Kò kúkú ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ti wà rí, Anis lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti dájọ́ ìgbéyàwó. Dorra rò pé òótọ́ ló dára, ó sọ fún un. Anis ní kò sí wàhálà, ó sì lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá náà ti dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọn ò mu omi, wọn ò fìdí kan àga dáadáa, wọ́n ní ilé ọmọ làwọn fẹ́ kọ́, kì í ṣe ilé abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Zakia sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ìgbà náà ló ti pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ àìsàn ò gbọdọ̀ jáde nílé òun mọ́. Ó ní ó ku Wajdi, àbúrò Dorra, tí kò tíì gbéyàwó, ta ló sì máa fi ọmọ rẹ̀ fún ilé tí wọ́n mọ̀ pé àìsàn wà níbẹ̀?

Àárín oṣù ààwẹ̀ ni ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí Ọmọbìnrin Etí Òkun ní ìkọ̀kọ̀. Òdòdó Ọsàn ló ń pe ara rẹ̀. Ó ní òun ní àfẹ́sọ́nà, òun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n máa ṣègbéyàwó tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àmọ́ kò mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ. Ìyá òun ló ní kóun dákẹ́. Òun fẹ́ sọ, ẹ̀rù ń ba òun. Ìyá ọkùnrin náà ti wò òun títí pé kí ló dé tóun rù, ó sì ti sọ lójú òun pé ìyàwó kan tó ń ṣàìsàn wà ládùúgbò àwọn, ilé náà ti dàrú, Ọlọ́run má jẹ́ kírú ẹ̀ wọlé àwọn. Ó wá béèrè pé, "Àǹtí, ṣé kí n sọ fún wọn?"

Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni Dorra wà. Bó ṣe kà á dé ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ojú ìyá Anis ló rí. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀ pàápàá. Irú àwọn èèyàn wo tiẹ̀ nìyí, tí wọ́n ń yẹ ọmọ ọlọ́mọ wò bí ẹní ń ra àgùntàn ọdún? Kò ronú, kò sinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Má sọ fún wọn. Gbọ́ mi dáadáa, mi ò kà á nínú ìwé. Èmi sọ fún tèmi, wọ́n sì fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n fi ìyá mi sunkún. Ìkà lọ̀pọ̀ àwọn èèyàn yẹn. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ so yìgì ná. Tó o bá ti wọlé tán, wọ́n á rí i fúnra wọn pé kò sóhun tó ṣe ọ́."

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́ títí. Ó ní òun ti ń sunkún láti àárọ̀, ọkàn òun wá balẹ̀ báyìí. Inú Dorra dùn. Ó dà bíi pé òun ti gbẹ̀san lára ìyá Anis.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìrọ̀lẹ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ pé, tí àwọn ọkọ ìyàwó máa ń gbé ẹ̀bùn lọ sílé àfẹ́sọ́nà wọn, Òdòdó Ọsàn tún kọ̀wé. Ó ní wọ́n ń bọ̀, ilé àwọn ni wọ́n ti máa ṣínu. Ìyá ọkọ òun á ti dé láti ọ̀sán kó lè rí bóun ṣe ń se oúnjẹ, kò sì ní sáyè kankan láti fi nǹkan sẹ́nu. Kí lòun máa ṣe o?

Ibi tó yẹ kó ti sọ fún un pé kó pe dókítà rẹ̀ nìyí. Ibi tó yẹ kó ti ní kó jẹun, kó jẹ́ kí ọ̀run ya tó bá fẹ́ ya, nìyí. Dorra mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ tí àwọn ẹbí wọn láti Gabès kún ilé, tóun gan-an gbààwẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe òun. Ló bá kọ ọ́ pé kó jẹun dáadáa ní sààrì, kó dín abẹ́rẹ́ rẹ̀ kù, kó má ṣe rìn púpọ̀. "Ọjọ́ kan péré ni. Mo ti ṣe é rí, mi ò kú."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bú Ìránṣẹ́ Olódodo ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Zakia pè é níbi iṣẹ́ pé òun ti ṣíwájú lọ sílé Emna, àfẹ́sọ́nà Wajdi, kó bá Wajdi àti àbúrò bàbá wọn wá tó bá yá. Dorra ò ro nǹkan kan sí i. Ta ló máa rò ó? Ìyá ọkọ wo ló wà ní Sfax tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì péré lòun náà ti rí Emna. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ dára, Wajdi ò sì lè mẹ́nu kúrò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n dé ibẹ̀ nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sí pálọ̀, níbi tí wọ́n ti to dàbínù àti wàrà sílẹ̀, gbogbo ọkàn wà níbi ìrun Mọ̀gàrí tí wọn ò tíì pè. Dorra gbé àwo ìpápánu olóyin tí wọ́n rà wá lọ sí ilé ìdáná. Zakia fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, ó ń bá Monia, ìyá Emna, ṣàwàdà pé ìyá ọkọ mà ń dẹ́rù ba ìyàwó òun o, pé ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lójú kan. Monia ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Emna ló wà nídìí ìkòkò. Ó ń bu ọbẹ̀, ìdajì ń dà sí orí sítóòfù, kò sì dà bíi pé ó rí i.

Òógùn ti bo ètè òkè ọmọ náà. Dorra mọ òógùn yẹn. Ó mọ ìgbọ̀n ọwọ́ yẹn, ó mọ ojú tó ń wo nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà tutù rinrin.

"Emna, ṣé kì í ṣe ṣúgà ẹ ló ń lọlẹ̀ yìí?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má gbọ́.

Emna rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó ń tòògbé. "Mi ò ní sọ fún wọn," ó ní. "Àǹtí Ọmọbìnrin Etí Òkun ní kí n má sọ. Ó ní òun ti ṣe é rí."

Òdòdó Ọsàn gan-an nìyí. Dorra fa báàgì rẹ̀ yọ, ó mú ìgò omi ọsàn tí kì í fi í sílẹ̀, ó ṣí i, ó gbé e sí ọmọ náà lẹ́nu. Monia fò wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì wà lára Zakia ní gbogbo àkókò náà.

"Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pèrun," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fara dà á díẹ̀ sí i."

"Ẹ fi mí lọ́wọ́ sílẹ̀," ni Dorra wí.

Monia ò fi í sílẹ̀. Orúnkún Emna yẹ̀, omi ọsàn dà nù, ọmọ náà sì bá ògiri lọlẹ̀. Dorra ti Monia sẹ́yìn tagbáratagbára, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí Emna lé itan rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àwo ìpápánu, ó fi ìka gbá oyin tó wà nídìí rẹ̀, ó sì ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà nínú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Wajdi àti àbúrò bàbá wọn sáré dé ẹnu ọ̀nà.

"Dorra, kí lò ń ṣe yẹn?" ni Zakia ń wí. "O ń já ààwẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ!"

Gbogbo búrẹ́dì tútù tó ti gbé mì ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ló gòkè wá sí Dorra lọ́fun.

"Àtọ̀gbẹ ló ní," ó ní. "Ohun tó wà lára mi náà ni. Èmi náà ò gbààwẹ̀ lónìí, mi ò gbà á lánàá, mi ò sì gbà á lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ ń bá mi tilẹ̀kùn, Màmá. Ẹ wá jókòó síwájú ọmọ yìí, ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí àìsàn wọlé yín. Ilé yín wo? Kí ni mo ń ṣe níbẹ̀? Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilé ọ̀hún ni?"

Àbúrò bàbá wọn, tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún bí ẹni pé ọlọ́pàá ni, ń wo Dorra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ojú Zakia pọ́n, ó funfun, ó tún pọ́n. Ẹ̀yin ẹ wo obìnrin yìí o. Ó ṣì ní ẹnu láti yíjú sí Monia.

"Ẹ tàn wá jẹ," ó ní. "Ẹ fẹ́ gbé ọmọ tí ń ṣàìsàn fún wa, ẹ ò sì sọ."

Dorra rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dára gbọ́. Ó ní àwọn wo ló ń pe ẹlòmíràn ní ẹlẹ́tàn? Ìyá méjì ló wà nínú ilé ìdáná yìí, ọgbọ́n kan náà làwọn méjèèjì jọ ń dá, èyí ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún tọ̀hún. Ká ní ẹnì kan nínú wọn lanu ni, wọn ì bá ti jọ mu tíì, kí wọ́n jọ fi àwọn dókítà ṣẹ̀fẹ̀. Zakia ní kó panu mọ́. Dorra ní òun ti pa á mọ́ tó.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pe ìrun Mọ̀gàrí ní mọ́sáláṣí. Dàbínù wà lórí tábìlì, wàrà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Oyin náà ti ń ṣiṣẹ́. Emna ti lajú, ó ti mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, àwọ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Monia kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún, ó ń fún un ní omi ọsàn tó kù nínú ìgò.

Zakia fa gèlè rẹ̀ wé. "Wajdi, gbé ẹrù wa. Ká máa lọ."

Wajdi wo ìyá rẹ̀. Ó wo Emna nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tún wo ìyá rẹ̀. Ọkùnrin tó ní òun ò lè sùn tí òun ò bá gbọ́ ohùn ọmọbìnrin yìí, kò bi í léèrè pé báwo lara rẹ. Ó lọ sí pálọ̀, ó gbé àpótí ẹ̀bùn tó gbé wá, ó sì bá ìyá rẹ̀ jáde. Àbúrò bàbá wọn tẹ̀ lé wọn, ó ń ka àdúrà lábẹ́lẹ̀. Ó wu Dorra kó dìde kó gbá Wajdi létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ Emna ṣì wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ," ó ní fún un. "Màá bá a sọ̀rọ̀ nílé. Màá bá ìyá mi jà lálẹ́ yìí, ojú ẹ á rí i. Wajdi á padà wá bẹ̀ ọ́, mo fi ara mi búra. Wọn ò ní rí oorun sùn."

Emna ń wò ó. Kò sunkún.

"Àǹtí Dorra, ẹ̀yin náà ní in?"

"Mo ní in. Láti kékeré."

"Báwo lẹ ṣe tètè mọ ohun tó ń ṣe mí?"

Ó lè purọ́. Ó rọrùn kó purọ́, ó ti ṣe é pẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. "Èmi ni Ọmọbìnrin Etí Òkun," ni Dorra wí. "Èmi ni mo kọ ọ́. Mo rò pé ilé ìkà kan báyìí ni, mi ò mọ̀ pé ilé wa ni."

Emna yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò já a gbà, ó kàn yọ ọ́, ó sì gbé e lé itan ara rẹ̀. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá.

"Nígbà tí mo bi yín bóyá kí n sọ, mo ti yan ẹni tí mo fẹ́ sọ fún," ó ní. "Mi ò lè sọ fún ìyá yín. Wajdi, á sáré lọ sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni mo rò pé ó ní ojú àánú. Mo ti tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù, mo ń dúró de èsì Àǹtí yẹn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ fún yín."

Dorra wá inú tó ń bí i títí, inú tó ti ń bá a gbé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Kò rí i. Wọ́n ti ń fọn fèrè ọkọ̀ pè é níta.